Ẹni Tó Ń Béèrè Ẹ̀yìn Yẹ̀kínnì

Ẹ má bi mí bóyá mo mu nǹkan kan kí n tó jókòó kọ èyí. Omi ni mo mu. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìlà àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ sì ti mọ́ dáadáa kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò tíì kú. Bí ẹ bá dé ìlà náà lónìí tí ẹ béèrè Yẹ̀kínnì, wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá wá béèrè ohun tó ṣe é ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á ní kí ẹ sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ rà.

Alááru ni Yẹ̀kínnì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti lo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Kì í ṣe ẹrù gàrí o. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni, jíà ọkọ̀ ni, irin tí ọ́ìlì dúdú ń kán lára rẹ̀. Níbi tí báró akẹ́rù kò lè gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe Yẹ̀kínnì. Á tẹ̀, wọ́n á gbé e lé e lẹ́yìn, á fi okùn gbà á níwájú orí, á sì máa wọ àárín èrò lọ pẹ̀lú "Àgò o, àgò ẹ̀yìn." Èèyàn kúkúrú tó ki ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní bí ẹ bá gbé odidi ṣọ́ọ̀bù lé Yẹ̀kínnì lẹ́yìn, á bi yín pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, kí ó gun òkè kí àwọn jọ máa lọ.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀yìn ti ń da òun. Láti ìgbà òjò ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń kú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ náà ní Ojúwòyè, kò mọ̀. Ó rìn títí dé Ìdí-Òró kí obìnrin kan tó ń ta ọsàn tó bi í pé bàbá, ẹsẹ̀ bàtà kejì dà? Ó wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, kò sì dùn ún rárá. Ẹ̀rù bà á.

Dókítà eegun kan ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sójú iná, ó fi ìka hàn án. Eegun kan ti yẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí ẹrù wúwo kan bá tún ti eegun náà sí i, Yẹ̀kínnì lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ayé. Yẹ̀kínnì dúpẹ́, ó ká fọ́tò náà, ó tì í sábẹ́ ẹní. Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí Ládìpọ̀. Sìmíátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì wà nílé-ìwé, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ wo ló tún mọ̀? Ta ni yóò sì pe alááru tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́?

Ìgbà ọyẹ́ ni Fẹ́yìsayọ̀ dé ìlà náà. Ilé ìwádìí kékeré kan ní Yábàá ló ti wá. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀, Sùúrùlérè ni wọ́n bí i sí. Ohun tó ń kọ́ ni bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kò fi ní í ba ara rẹ̀ jẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àǹtí Dókítà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé òun kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́.

Ó mú fọ́ọ̀mù dání. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Dennis ni wọ́n jókòó sí. Ọmọ Ìgbò ni Dennis, ẹ́ńjìnnì ló ń tà, Mushin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Fẹ́yìsayọ̀ ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo ẹgbẹ́ wọn, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ọdún mélòó lẹ ti ń ru ẹrù? Nígbà tó dé orí ìbéèrè kẹta, ó ní, "Báwo ni ẹ̀yìn yín?"

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dénú á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa wọ́. Ẹ̀yìn tí Fẹ́yìsayọ̀ ń béèrè ni èyí tí eegun wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn alááru gbọ́ ni èyí tí à ń gbàdúrà fún, ẹ̀yìn ọ̀la, ìgbẹ̀yìn ayé ẹni. Ta ni yóò la ẹnu ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, níbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí yóò ní ẹ̀yìn òun kò dára? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹ̀yìn òun dára. Àwọn tó kù ṣe àmín. Ẹni kejì ní ẹ̀yìn òun á dára ju iwájú lọ. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo wọn, ẹ̀yìn mọ́kànlélógójì ló sì dára. Nígbà tó kan Yẹ̀kínnì, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kú láti àárọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀yìn òun dùn bí oyin, lágbára Ọlọ́run.

Fẹ́yìsayọ̀ wo ìwé náà títí. Ó bi Dennis bóyá ó ṣeé ṣe. Dennis ní ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ó kọ. Ó sì kọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé ohun tó ṣe dé. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú bẹ́líìtì àti rọ́bà, àti sípíríǹgì méjì tó nípọn. Èèyàn á wọ̀ ọ́ sí èjìká, á dì í mọ́ ìbàdí, á tún dì í mọ́ itan. Bó bá tẹ̀ láti gbé ẹrù, sípíríǹgì á gba díẹ̀ nínú wàhálà tí ẹ̀yìn ì bá ṣe, á gbé e fún itan. Ó ní orúkọ òyìnbó gígùn kan tí kò sí ẹni tó lè pè é. Yẹ̀kínnì ló sọ ọ́ ní Àtìlẹ́yìn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọláolú, tó gùn jù nínú àwọn alááru, ní òun ti rí èèyàn tó wọ ọkọ̀, àkọ́kọ́ rèé tí òun máa rí ẹni tó wọ ọkọ̀ bí ẹ̀wù. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Fẹ́yìsayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ohun pẹlẹbẹ kan sínú bàtà tí wọn yóò wọ̀ mọ́ ọn. Ohun pẹlẹbẹ yìí ni yóò máa wọn gbogbo ẹrù tó bá wà lórí ẹsẹ̀, tí yóò sì máa fi í ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Yẹ̀kínnì ló kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹ mọ ìdí.

Wọ́n gbé jíà kan lé e. Ó dìde. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò tíì gbé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ sún mọ́ ọn. Wọ́n rò pé nǹkan ti gún un.

Ọwọ́ ni. Àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó gbóná, ó fẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí eegun ti yẹ̀ gan-an. Kò tì í, kò fà á. Ó kàn gbé e ró. Ìrora tó ti ń bá a jí láti ìgbà òjò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yẹ̀kínnì rin ogójì ìṣísẹ̀, wọ́n sọ̀ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní eruku ọyẹ́ ni.

Ó ṣàdúrà fún Fẹ́yìsayọ̀ títí ọmọ náà fi ń tijú. Ó ní bó ṣe ti òun lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ẹni tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ tí ẹ fi sí i yẹn, òun ló ṣiṣẹ́ jù."

"Ọwọ́ wo, Bàbá Sìmíátù?"

"Ọwọ́ méjì tó wà lẹ́yìn níbí."

Fẹ́yìsayọ̀ yí i padà. Ó wo ibi tó ń fi hàn. Irin kankan kò dé ibẹ̀. Rọ́bà kò dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ibẹ̀ sí kí afẹ́fẹ́ lè máa ráàyè wọlé. Ẹ̀wù Yẹ̀kínnì lásán ló wà níbẹ̀, ó sì ti tutù fún òógùn, àfi ojú ibi méjì tó gbẹ. Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ó ní.

Yẹ̀kínnì ní kò burú. Ẹni tí ara ti tù kì í jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀ rí ohun àjèjì kejì. Yẹ̀kínnì àti Àtìlẹ́yìn tó wọ̀ jẹ́ àádọ́rin kílò. Jíà náà jẹ́ ogójì. Àádọ́fà ló yẹ kí ó wà lábẹ́ bàtà. Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ ni márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó tún jíà náà wọ̀n. Ó tún Yẹ̀kínnì wọ̀n. Ó pààrọ̀ ohun pẹlẹbẹ inú bàtà. Ní ọjọ́ kejì, ó fún Ọláolú wọ̀, gbogbo kílò pé géérégé. Ó fún ẹlòmíràn wọ̀, ó pé. Ó dá a padà fún Yẹ̀kínnì. Kò pé. Ọgbọ̀n kílò ló sọnù lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó ti di márùndínlógójì.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Yẹ̀kínnì nítorí Yẹ̀kínnì béèrè. Ó ní Àtìlẹ́yìn kò lè dín ẹrù kù. Ohun tó lè ṣe kò ju kó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀yìn kó gbé e fún itan, ẹsẹ̀ kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ máa gbà dé ilẹ̀. Bí ẹrù kò bá sí lábẹ́ ẹsẹ̀ Yẹ̀kínnì, a jẹ́ pé ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ tán. Ó wo ẹ̀yìn Yẹ̀kínnì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní ó dàbí pé ẹ̀rọ òun ló ní àbùkù.

Yẹ̀kínnì kò béèrè mọ́. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ju ẹ̀rù lọ. Ẹsẹ̀ òsì ti ń gbóná padà. Ó ń mọ ilẹ̀ tó bá tẹ̀. Ilé kò jìnnà sí i mọ́ láti ọjà. Bó bá fẹ́ jókòó jẹun, á kọ́kọ́ rọra ní "Ẹ ṣeun," lẹ́yìn náà ló máa jókòó. Sìmíátù bi í pé ta ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òun kò tíì gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó bá yẹ ni.

Ṣùgbọ́n ọkàn Fẹ́yìsayọ̀ kò balẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ á rí kílò tó ń sọnù yìí, wọ́n á ní irọ́ ló ń kọ. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá sípíríǹgì ló ń ṣe é. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Á tú sípíríǹgì méjèèjì kí wọ́n má lè ṣiṣẹ́ kankan, á sì fi í wọ Yẹ̀kínnì láìsọ fún un, kí ọkàn rẹ̀ má bàa tàn án jẹ. Ó ṣí ìwé rẹ̀ wò kó tó pinnu. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn Yẹ̀kínnì dára. Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó sì ti ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kí òun tó mọ Ládìpọ̀. Kí ni yóò ṣe é?

Ó yan Ọjọ́bọ̀, nítorí òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìmọ́tótó ọjà, kò sì sí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀yin tó mọ Ládìpọ̀, ẹ fojú inú wò ó. Kò sí jẹnerétọ̀. Kò sí fèrè ọkọ̀. Kò sí ẹni tó ń fi òòlù gbá irin. Ọyẹ́ bo gbogbo ìlà náà tó fi jẹ́ pé òpin rẹ̀ kò hàn. Ìgbálẹ̀ kan ń dún lọ́nà jíjìn, ó ń dún, ó sì dákẹ́. Àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Dennis dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ti fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ síwájú, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹfun náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Yẹ̀kínnì wà láàárín wọn.

Ẹ́ńjìnnì ni tọjọ́ yẹn, kì í ṣe jíà. Ọgọ́rin kílò. Dennis ti gbé e sórí tábìlì irin, Yẹ̀kínnì fi ẹ̀yìn gbà á. Ó dìde.

Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kò rí bó ṣe ń rí. Irin náà kò gbà á. Ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹrù náà bọ́ sórí eegun rẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kí ó sọ pé kí wọ́n sọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ọdún ni, kò tíì ní kí wọ́n sọ ẹrù kan rí kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ó ń kà á nínú.

Ní ìṣísẹ̀ kejìlá, ẹsẹ̀ òsì kú.

Kò dùn ún. Ó kàn lọ ni. Ọ̀tún nìkan ló kù, orúnkún rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nǹkan kan ń rọra yẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, ìró kékeré kan nínú ara. Ó rántí ìka dókítà lójú fọ́tò náà. Ó rántí Sìmíátù. Ó fẹ́ pe Dennis, èémí kò tó o. Gbogbo ọjà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ń gbọ́ ọ́ìlì tó ń kán láti ara ẹ́ńjìnnì sí ilẹ̀, tó, tó. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ọ́ìlì mọ́.

Ẹnì kan ń mí lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Àjàní."

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó yé yín. Àjàní ni oríkì Yẹ̀kínnì. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo Èkó tó mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Ohùn náà kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ti obìnrin, kì í sì í ṣe ti ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ṣe ń pe orúkọ náà ló ṣe pè é.

Kò dáhùn. Ta ni yóò dáhùn? A kì í jẹ́ ẹni tí a kò rí lóhùn, pàápàá ẹni tó bá dúró sẹ́yìn ẹni.

"Àjàní. Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ìdáhùn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dára, lágbára Ọlọ́run. Láti kékeré ló ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣí. Orúnkún ọ̀tún tẹ̀. Ohùn náà kò sọ nǹkan mìíràn. Ó ń dúró. Yẹ̀kínnì mọ̀, kò lè sọ bí òun ṣe mọ̀, pé bí òun bá tún ní ó dára, ohun tó wà lẹ́yìn òun máa gbà á bẹ́ẹ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

"Kò dára," ó ní. Ó sọ ọ́ síta. "Ẹ̀yìn mi kò dára."

Fẹ́yìsayọ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé orí sókè. Kò rí Yẹ̀kínnì níbi tó wà tẹ́lẹ̀, láàárín ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Yẹ̀kínnì wà. Ó dúró lórí ìlà ẹfun náà. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé e jókòó dáadáa, eruku kò sì sọ. Ọgọ́rin kílò irin balẹ̀ lórí kọnkéré, kò sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ohun tí Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ rántí kò pọ̀. Ó ní ẹrù náà kúrò. Ó ní ilẹ̀ jìnnà sí òun díẹ̀. Ó ní ara tu òun débi pé òun fẹ́ sùn.

Dennis ló rí gbogbo rẹ̀, nítorí òun ló wà lẹ́yìn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n bi í, wọ́n bi í. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, kò sì tún un sọ mọ́. "Bàbá Sìmíátù kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀."

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Àádọ́jọ kílò ni ìlà náà fi bẹ̀rẹ̀, ó pé, kò sí èyí tó sọnù. Ó lọ bẹ́ẹ̀ dé ìṣísẹ̀ kejìlá. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sílẹ̀. Kò dúró ní ọgọ́rùn-ún. Kò dúró ní àádọ́rin, tí í ṣe ìwọ̀n Yẹ̀kínnì àti Àtìlẹ́yìn. Ó lọ sí òdo. Fún ìṣẹ́jú àáyá méje, òdo ni. Bàtà méjèèjì wà lófìfo, bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan tó dúró nílẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú Yẹ̀kínnì nínú ọ́ìlì, pẹ̀lú aṣọ rere tó wọ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti tú sípíríǹgì. Ó ń sunkún. Ó ní òun ì bá ti sọ ọ́ di arọ. Yẹ̀kínnì jókòó lórí ẹ́ńjìnnì náà. Òun náà jẹ́wọ́ tirẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò abẹ́ ẹní, bàtà tó bọ́ ní Ojúwòyè, àti ohun tí ẹ̀yìn jẹ́ lẹ́nu alááru, ìdí tí kò fi sí ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlélógójì tó lè ní tòun kò dára. Fẹ́yìsayọ̀ tẹ orí ba.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Àwa méjèèjì la parọ́," Yẹ̀kínnì ní. "Ẹ dìde, kí a dúpẹ́."

Wọ́n dúpẹ́. Wọn kò sọ ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fẹ́yìsayọ̀ ya fọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù, ó ṣe òmíràn. Kò bi ẹnikẹ́ni nípa ẹ̀yìn. Ó ya àwòrán ènìyàn, ó ní kí wọ́n fi ìka kan ibi tó ń ro wọ́n, ó sì mú wọn wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fi ìka kan ibi kan náà. Ọláolú aláwàdà wà lára wọn. Àwọn tí tiwọn le jù, ó tẹ̀ lé wọn dé Ìdí-Àràbà, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn ju ohun gbogbo lọ, nítorí mo mọ púpọ̀ nínú wọn, mo sì mọ àwọn ọmọ wọn.

Dókítà eegun ya fọ́tò tuntun fún Yẹ̀kínnì. Ó gbé e sójú iná, ó gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Eegun náà ti kúrò lórí iṣan. Ó bi Yẹ̀kínnì pé ta ló tọ́ eegun fún un, nítorí ẹni náà mọ iṣẹ́. Yẹ̀kínnì ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà náà fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ yíká, ó ní kó má tún ru ẹrù mọ́ láyé rẹ̀. Ó sì gbọ́ràn. Fẹ́yìsayọ̀ gbà á sí ilé ìwádìí náà. Ìmọ̀ rẹ̀ ló ń lò báyìí. Òun ló ń kọ́ àwọn alááru bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún kí wọ́n tó gbé nǹkan, òun náà ló sì ń sọ fún Fẹ́yìsayọ̀ ibi tí bẹ́líìtì Àtìlẹ́yìn ti ń hó èèyàn lára. Sìmíátù jáde ìwé. Ó ń pe Fẹ́yìsayọ̀ ní Àǹtí, kì í sì í ṣe Àǹtí ẹnu lásán.

Ọjọ́ tí ìwé ìwádìí náà parí, wọ́n jókòó nínú yàrá Fẹ́yìsayọ̀ ní àjà kẹta. Ó ku ojú-ìwé kan, èyí tí àwọn oníwèé fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ti kọ orúkọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti kọ ti Dennis. Ó ti kọ ti àwọn alááru mọ́kànlélógójì. Ó wá dúró. Ó ní ó ku ẹnì kan, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe kọ ọ́.

"Ẹ kọ ọ́ pé a dúpẹ́," Yẹ̀kínnì ní. "Ẹ má kọ orúkọ."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ẹ lè lọ kà á.

Yẹ̀kínnì dágbére. Ọ̀sán ni, ilé náà dákẹ́, àwọn tó kù ti lọ jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò di nǹkan kan mú. Ẹsẹ̀ òsì ń gbọ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ́ tirẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró wọn lórí kọnkéré, inú rẹ̀ sì ń dùn. Nígbà tó dé àjà kejì, ó gbọ́ ìró mìíràn lókè. Ẹsẹ̀ ni. Ó wúwo, ó ń falẹ̀, ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí kò lè ṣì í gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹni tó wà lábẹ́ ẹrù ni.

Yẹ̀kínnì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ẹni náà lè kọjá. Ìró náà dúró. Kò sí ẹni tó kọjá. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan, òun náà gbé ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Kò wẹ̀yìn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí eruku ọyẹ́ kankan nínú ilé náà. "Ẹ ṣeun," ó ní. Ó wá rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó bá òun ru ẹrù náà má bàa máa sáré tẹ̀ lé òun.